Èèpo Ẹ̀wà Tí À Ń Kó Fún Ewúrẹ́

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí, látinú ètò wa. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí dátà yín ti ń lọ sópin, àti ẹ̀yin tí ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì tí ẹ gbàgbé earpiece yín sílé.

Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn ohùn mi, ẹ má bínú, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì ni. Ibafo ni mo wà, yàrá tí mo ń sùn náà ni sítúdíò mi, wọ́n sì ti mú iná lọ láti àárọ̀.

Ilé ìyàgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ń jẹun lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á. Lóru ọjọ́ Àìkú kan, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni màmá mi dìde lọ sílé ìyàgbẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ojú wọn ti jìn wọnú, ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n jẹ, wọ́n ní àwọn ò jẹ nǹkan kan. Ìgbà tí mo po omi, iyọ̀ àti ṣúgà fún wọn, tí wọ́n mu ún tán, ni wọ́n tó jẹ́wọ́. Tíì ni. Tíì tó ń fa ikùn wọlé. Ẹnì kan ló polówó rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ oníṣòwò wọn lórí WhatsApp, ₦18,000 ni páálí kan. Páálí méjì ni wọ́n rà.

Àkàrà àti ògì ni màmá mi ń tà. Ẹ bá mi ṣírò iye àkàrà tó wà nínú ₦36,000.

Inú bí mi, àmọ́ mi ò lè jágbe mọ́ wọn, torí mo mọ ohun tó lé wọn débẹ̀. Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, wọ́n fún wọn ní oògùn rẹ̀. Wọ́n ní ṣúgà wọn kò tíì di àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n ó ti dé ẹnu ààlà, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì tó rí wọn wá fi kún un pé, “Mọ́mì, ọ̀rá ikùn yín ti pọ̀ jù, ẹ wá nǹkan ṣe sí i.” Kò sọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Èèyàn mélòó ló wà lẹ́yìn wọn lórí ìlà lọ́jọ́ yẹn? Mi ò dá nọ́ọ̀sì náà lẹ́bi. Àmọ́ bí ẹ bá sọ fún ẹni ọdún 58 pé kó wá nǹkan ṣe, tí ẹ ò sì sọ nǹkan náà, ẹlòmíràn á tà á fún un.

Mo gbé páálí tíì náà, mo ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tó ṣáájú níbẹ̀ ni senna. Ewé tí ń ṣí ìgbẹ́ ni senna. Ó ń lé ìgbẹ́ àti omi jáde, ọ̀rá kì í bá a lọ. Ikùn á dà bíi pé ó ti fà wọlé, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti mumi, tí ẹ sì jẹun, ó parí. Ọ̀rọ̀ kan tún wà lójú páálí náà, lẹ́tà gàdàgbà: polyphenol. Pé tíì náà kún fún polyphenol tó ń pa iná inú ara. Mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn káàkiri lórí TikTok, lẹ́nu àwọn tó ń ta kápúsù àti páúdà. Mo wá sọ fún ara mi pé mo máa wádìí rẹ̀ dé ìdí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà mí. Ohun tí mo rí nìyí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú ikùn fúnra rẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá gé yín lọ́wọ́, ojú ibẹ̀ á pọ́n, á wú, á gbóná. Àwọn ọmọ ogun ara ló sáré débẹ̀. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ wọn tán, wọ́n á padà, ọgbẹ́ á jinná. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tó wà ní ìsàlẹ̀ ikùn, èyí tó yí ìfun àti ẹ̀dọ̀ ká, kì í ṣe ẹrù tí a kàn kó pamọ́. Sẹ́ẹ̀lì ni, ohun ẹlẹ́mìí ni. Bí ó bá ń gba ọ̀rá sára jù, á wú, òmíràn á kú síbẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara á sì wá palẹ̀ òkú mọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ yẹn kì í tán. Bí wọ́n ṣe ń kó ọ̀kan kúrò ni òmíràn ń kú, wọ́n á sì máa ké síra wọn. Àwọn èròjà tí wọ́n fi ń ké síra wọn, bíi TNF àti interleukin-6, á máa bá ẹ̀jẹ̀ lọ káàkiri. Ara onítọ̀hún kò gbóná, kò lọ́gbẹ́, kò sí ibi kan tó ń dùn ún. Iná abẹ́ eérú ni. Ohun tó ń ṣe lábẹ́lẹ̀ ni pé ó ń mú kí ara máa ṣe etí ikún sí insulin, kí ṣúgà máa dúró sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń ba inú òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ wà, ẹ yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀. Ẹ wọn ikùn yín yíká, ẹ má fà á wọlé, kò sẹ́ni tó ń wò yín. Obìnrin tí tirẹ̀ bá ti kọjá ínǹṣì 35, ọkùnrin tí tirẹ̀ bá ti kọjá 40, ewu ti ń pọ̀ sí i fún un. Ti Mọ́mì mi jẹ́ 42. Tèmi... ẹ jẹ́ ká máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Ìfun náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Inú ìfun ńlá wa kún fún kòkòrò àìfojúrí tí iye wọn kò ṣeé kà. Àwọn tó ń jẹ fáíbà nínú wọn máa ń sọ ọ́ di èròjà kan tí ń jẹ́ butyrate, òun sì ni oúnjẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú ìfun náà. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn bá yó, wọ́n á fún mọ́ra bíi bíríkì tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ pé. Bó bá jẹ́ búrẹ́dì funfun, òróró àti ṣúgà ni à ń dà síbẹ̀ lójoojúmọ́, ebi á pa àwọn kòkòrò rere yẹn, àlàfo á yọ láàárín bíríkì, ìdọ̀tí ara kòkòrò á wá máa jò wọnú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ara á tún gbéra. Iná tún ràn sí i.

Polyphenol wá ńkọ́? Ewéko kò lẹ́sẹ̀ tó lè fi sá. Bí oòrùn bá ń jó o, bí kòkòrò bá ń jẹ ẹ́, ojú kan náà ló máa wà. Ìdí nìyẹn tó fi ń po oògùn tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Polyphenol wà lára oògùn yẹn, oríṣiríṣi rẹ̀ sì lé ní ẹgbẹ̀rún. Àwọ̀ pupa inú sobo tí a fi òdòdó ìṣápá ṣe, òun ni. Ohun tí ń fa ahọ́n yín pọ̀ bí ẹ bá jẹ obì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí kò sè, òun ni. Ibi tí ewéko sì máa ń kó púpọ̀ rẹ̀ sí ni ibi tí ọ̀tá máa ń kọ́kọ́ kàn: èèpo. Ẹ fi ọ̀rọ̀ èèpo yẹn sọ́kàn.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé púpọ̀ nínú polyphenol tí a jẹ kì í wọnú ẹ̀jẹ̀ láti ìfun kékeré. Ṣe ló máa bá ìdọ̀tí oúnjẹ lọ títí dé ìfun ńlá. Ibẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí á ti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ yẹn ló sì ń wọ ara lọ ṣiṣẹ́. Nítorí náà, èèyàn méjì lè jẹ ohun kan náà kí èrè wọn má dọ́gba, torí pé ohun tó wà nínú ìfun wọn kò dọ́gba. Ẹni tó bá ń gbé kápúsù polyphenol mì, tó sì ń fi búrẹ́dì àti mínírà tì í, ṣe ló gbé iṣẹ́ sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tí kò wá síbi iṣẹ́.

Ẹ má rò pé òyìnbó nìkan ló ń wá ìdí nǹkan wọ̀nyí. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ọdún ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ebenezer Olatunde Farombi àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti lò lórí orógbó. Àwọn polyphenol kan wà nínú orógbó tí wọ́n ń pè lápapọ̀ ní kolaviron. Ní ọdún 2013, wọ́n tẹ iṣẹ́ kan jáde níbi tí wọ́n ti fún àwọn eku ní kẹ́míkà kan tó máa ń mú ìfun ńlá wú, tó ń bó o nínú. Àwọn eku tó gba kolaviron pẹ̀lú rẹ̀, ìfun tiwọn kò bàjẹ́ tó ti àwọn yòókù. Ní FUTA l'Ákùúrẹ́ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ganiyu Oboh ti yẹ polyphenol inú ẹ̀fọ́, ata àti obì wa wò fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí mo ka ti orógbó sétí Mọ́mì, wọ́n ti ń wá owó tí wọ́n máa fi rán mi lọ rà á. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Eku ni, kì í ṣe èèyàn. Ohun tí wọ́n sì fún eku náà, wọ́n fà á yọ látinú orógbó ni, wọ́n wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ẹyọ orógbó tí wọ́n pín níbi ìsọmọlórúkọ. Nínú ìwé tí mo ń kọ nǹkan sí, abẹ́ “ìrètí wà” ni mo kọ ọ́ sí, mi ò kọ ọ́ sábẹ́ “ẹ lọ rà á.”

Èyí tó kan èèyàn gan-an, tó sì mú mi jókòó, Tanzania ni wọ́n ti ṣe é, ní agbègbè òkè Kilimanjaro. Godfrey Temba, ọmọ Tanzania, wà nídìí rẹ̀, pẹ̀lú Quirijn de Mast ti Yunifásítì Radboud ní Netherlands. Ní 2021, wọ́n kọ́kọ́ gbé àbájáde kan jáde lórí ẹ̀jẹ̀ èèyàn 323, àwọn kan ará ìgboro, àwọn kan ará oko. Kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn nínú wọn. Síbẹ̀, iná abẹ́ eérú yẹn pọ̀ lára àwọn ará ìgboro ju àwọn ará oko lọ. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará oko ẹ̀wẹ̀, wọ́n bá àwọn èròjà tó wá látinú ewéko, polyphenol kan tí ń jẹ́ apigenin wà lára wọn.

Wọn ò fi mọ síbẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2025 nínú ìwé ìròyìn Nature Medicine ni pé wọ́n kó ọ̀dọ́kùnrin 77 jọ. Wọ́n ní kí àwọn ará oko kan fi ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọkà wọn sílẹ̀, kí wọ́n máa jẹ búrẹ́dì funfun, sọ́séèjì, àdìdìn lóríṣiríṣi, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní kí àwọn ará ìgboro kan máa jẹ oúnjẹ ará oko fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn kan sì ń mu mbege, ọtí tí wọ́n ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọkà pọn níbẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ gbọ́ o, ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn tó bọ́ sórí sọ́séèjì àti búrẹ́dì sanra sí i, àwọn èròjà tí àwọn ọmọ ogun ara fi ń ké síra wọn lọ sókè nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun yẹn kò wá tètè dìde mọ́ nígbà tí wọ́n fi kòkòrò àrùn dán wọn wò. Àwọn tó gba oúnjẹ oko, tiwọn rọlẹ̀. Ti àwọn tó mu mbege náà rọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, díẹ̀ nínú àyípadà yẹn ṣì wà lára wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má torí mbege sáré lọ bá ẹlẹ́mu kó ní èmi ni mo rán òun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó kù sí. Ọ̀dọ́kùnrin tí ara wọn le ni gbogbo wọn, kì í ṣe ìyá tí ikùn rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 42. Odindi oúnjẹ ni wọ́n sì pààrọ̀, kì í ṣe polyphenol nìkan. Fáíbà wà níbẹ̀, oúnjẹ kíkan wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ohun kan ṣoṣo ló ṣiṣẹ́ náà, ọjà ló fẹ́ tà.

Ṣùgbọ́n mo dá ara mi mọ̀ nínú ìtàn yẹn. Èmi ni ará ìgboro náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ibafo, Mowe, Arepo, tí iṣẹ́ yín wà l'Ékòó, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mò ń jí, kí n lè dé Berger kí ọ̀nà tó dí. Gala kan àti mínírà kan lójú gó-sìlóò, búrẹ́dì àti ẹyin lọ́sàn-án, indomie nígbà tí mo bá délé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ wo ìyẹn dáadáa, ẹ bá mi wá ewé kan níbẹ̀. Alùbọ́sà tí wọ́n gé sínú ẹyin nìkan ni.

Ní Sátidé kan, mo bá Mọ́mì lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ti rẹ ẹ̀wà àkàrà, wọ́n ń bó o, èèpo ń léfòó lórí omi, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n sínú asẹ́. Báágì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, èérí ògì bàbà tí wọ́n sẹ́ lóru ti wà nínú rẹ̀.

Mo ní, “Mọ́mì, ta lẹ ń kó ìyẹn jọ fún?”

Wọ́n ní, “Ta ni mo máa ń kó o fún tẹ́lẹ̀? Ewúrẹ́ ìyá ìsàlẹ̀ ni.”

Mo ní, “Ẹ̀yin rí i, ohun tí páálí tíì yẹn ní òun ń tà fún yín ní ₦18,000, ewúrẹ́ ìyá ìsàlẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.”

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ewúrẹ́ lo wá ń fi mí wé báyìí?”

Òótọ́ ni mo ń sọ o. Èèpo ẹ̀wà ni ibi tí polyphenol ẹ̀wà pọ̀ sí jù, pàápàá ẹ̀wà pupa bí olóyin. Bí a bá bó o fún àkàrà àti mọ́ín-mọ́ín, ó lọ nìyẹn. Bí a bá sè é, tí a da omi àkọ́kọ́ nù kó má baà dá inú rú, díẹ̀ tún bá omi lọ. Ọkà bàbà pupa, èèpo rẹ̀ náà ló wà, òun la sì ń sẹ́ dànù gẹ́gẹ́ bí èérí. Alùbọ́sà, àwọn awẹ́ tó wà lóde ló ní in jù, àwọn kan sì máa ń bó awẹ́ méjì mẹ́ta jù nù. Ewúro ńkọ́? Kíkorò rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ polyphenol nìkan, àwọn èròjà mìíràn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àmọ́ omi tí ń gbé kíkorò lọ ń gbé polyphenol lọ pẹ̀lú. Àwọn ìyá wa kan máa ń fọ ewúro títí tí ewé náà ò fi ní mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é báyìí. Ẹ̀wà olóyin ni à ń jẹ nílé, pẹ̀lú èèpo rẹ̀, à ń sè é rọ̀ dáadáa bí àwọn ẹlẹ́wà aganyin ṣe ń ṣe. A dín fífọ ewúro kù sí ẹ̀ẹ̀mejì. Mọ́mì ń lo asẹ́ tí ojú rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ fún ògì ilé, kí èérí díẹ̀ lè kù níbẹ̀. Sobo tí a ń mu kò ní ṣúgà, ata ilẹ̀ la fi ń ṣe é. Ti sobo yìí, wọ́n ti dán an wò lára èèyàn. Ní 2010, àwọn olùwádìí Yunifásítì Tufts l'Ámẹ́ríkà gbé àbájáde kan jáde: àwọn tó ń mu ife tíì ìṣápá mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ ju ti àwọn tí wọ́n fún ní tíì àdánwò lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò lójú ọ̀nà, ṣúgà inú rẹ̀ lè pọ̀ tó ti mínírà. Bí ẹ bá sì ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi ti màmá mi, ẹ sọ fún dókítà yín kí ẹ tó máa mu ún lójoojúmọ́, torí méjèèjì lè jọ fa ìfúnpá náà wálẹ̀ jù. Mọ́mì kò fi oògùn tiwọn sílẹ̀ o. Mo máa ń ka sáṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fúnra mi.

Kò rọrùn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, inú wa ń dún bí ìlù, èmi fúnra mi kò lè jókòó pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn nínú bọ́ọ̀sì. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀, ìfun á mọ̀ ọ́n lára. Ohun mìíràn tún ni pé àwọn tannin inú èèpo yìí máa ń di irin inú oúnjẹ mú, kí ara má lè gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ lóyún, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ yín kò tó, ẹ fi ọsàn tàbí tòmátò àti ata tútù bá ẹ̀wà yín rìn, fítámì C inú wọn á ràn yín lọ́wọ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, a mú téèpù, ikùn Mọ́mì ti di ínǹṣì 40 ààbọ̀. Mi ò ní sọ fún yín pé èèpo ẹ̀wà ló ṣe é. Wọ́n ti jáwọ́ nínú mínírà, ẹ̀bà alẹ́ ti kéré sí i, wọ́n sì ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà dípò kẹ̀kẹ́.

Wọ́n tiẹ̀ gbìyànjú láti din àkàrà eléèpo fún títà. Ọjọ́ kan péré ni. Oníbàárà kan gbé e sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, “Ìyá alákàrà, kí ló dé tí àkàrà yín dọ̀tí?” Láti ọjọ́ yẹn, funfun ni ti ọjà, pupa ni tiwa, ewúrẹ́ ìyá ìsàlẹ̀ sì ti ń bá wa pín èèpo sí méjì.

Páálí tíì kejì ṣì wà lórí fìríìjì, a ò tíì ṣí i. Ẹni tó tà á ní òun kì í dá owó padà. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀ ni Mọ́mì máa padà lọ yẹ ṣúgà wọn wò. Èmi ni mo máa sìn wọ́n lọ, mo sì ti sọ fún wọn pé mo máa mú máìkì dání. Ohun tí ìwé àyẹ̀wò náà bá sọ, bó dùn, bó korò, ẹ máa gbọ́ ọ níbí.